Bí a ṣe ń yan bárikéèdì tó yẹ fún òde tí èrò máa pọ̀ sí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Tí ìgbìmọ̀ bá jókòó láti ṣètò òde ńlá, kánọ́pì, àga, oúnjẹ, olórin àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ owó fún. Bárikéèdì ló máa ń gbẹ̀yìn ìwé ìnáwó. Nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì, ẹnì kan á pe ẹni tó ń yá wọn ní àga, á ní kó bá wọn kó irin díẹ̀ dání. Irin díẹ̀ yẹn ló sì máa dúró láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn àti ìtàgé, tàbí láàárín àwọn ọmọdé àti mọ́tò tó ń bọ̀ lójú títì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ó yẹ kó wà lára ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa jíròrò.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú kí n tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ bárikéèdì ni pé kó júwe ọ̀nà fún èrò. Kì í ṣe pé kó sé wọn mọ́. Ibikíbi tí ẹ bá gbé e sí tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò ní ọ̀nà míì tó lè gbà jáde, pańpẹ́ lẹ dẹ síbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, láti orí ìwọ̀n ilẹ̀ títí dé orí irú irin tí ẹ máa yá, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ilẹ̀ kí ẹ tó pe ẹni tó ń yá irin

Ẹ mú tépù dání, ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín. Ẹ má fi ojú díwọ̀n, torí pápá tó ṣófo máa ń tóbi lójú ju bó ṣe rí lọ. Ká ní ibi tí ẹ fẹ́ lò gùn ní mítà 40, ó sì fẹ̀ ní mítà 30. Mítà onígun mẹ́rin 1,200 nìyẹn. Ẹ yọ ibi tí ìtàgé máa wà kúrò, ẹ yọ ibi kánọ́pì, ibi jẹnẹrétọ̀, ibi àwọn tó ń ta oúnjẹ, àti gbogbo ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí kò ní ìdérí. Ó lè jẹ́ 800 péré ló máa ṣẹ́ kù fún èèyàn láti dúró sí.

Níbi tí ìdílé máa pọ̀ sí, tí àwọn ìyá máa pọn ọmọ wá, tí àwọn bàbá arúgbó á wà níbẹ̀, èèyàn méjì sí mítà onígun mẹ́rin kan ló dáa. 800 yẹn á gba 1,600. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, tí wọ́n kàn dúró wo olórin, ẹ lè dé mẹ́rin, kí ẹ má sì kọjá ibẹ̀. Ìwé ìlànà tí wọ́n ń lò fún pápá ìṣeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà ju èèyàn 47 lọ nínú mítà onígun mẹ́rin 10, ibi tí wọ́n dìídì kọ́ fún ìdúró tí irin ìfaratì tó lágbára sì wà ni wọ́n sì ń sọ.

Ìdí tí iye yìí fi ṣe pàtàkì ni pé òun ló máa sọ irú agbára tó máa dé ara irin yín. John Fruin, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ èrò, ṣàlàyé pé tí èèyàn bá ti ń sún mọ́ méje nínú mítà onígun mẹ́rin kan, èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí omi. Ẹni tó wà láàárín ò lè yan ibi tó ń lọ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má kan ilẹ̀ gan-an. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé àwọn irin tó tẹ̀ níbi tí irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ fi hàn pé agbára tó dé ara wọn ju 4,500 newton lọ (newton ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára tí nǹkan fi ń ti nǹkan). Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kú níbẹ̀, lórí ìdúró ni wọ́n ń kú sí. Àyà wọn ò rí àyè fẹ̀, èémí ò wọlé. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé kí ẹ kàn ra irin tó le dáadáa, kí èrò má baà lè wó o, ẹ rántí pé irin tí kò wó nígbà tí èrò ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, àyà èèyàn ló máa gba ohun tí irin náà kọ̀ láti gbà. Iye èrò lẹ máa kọ́kọ́ dín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fa ọ̀nà àbájáde kí ẹ tó fa ìlà irin

Ẹ ya àwòrán ibẹ̀ sórí ìwé. Kò pọn dandan kó dára lójú. Ẹnu ọ̀nà àti ibi àbájáde ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i.

Ìwé ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo dárúkọ yẹn ka èèyàn 82 ní ìṣẹ́jú kan fún mítà kan ìbú ọ̀nà tó tẹ́jú, 66 tó bá jẹ́ àtẹ̀gùn. Ní òde tiwa, tí ìyá máa fa ọmọ méjì lọ́wọ́, tí NEPA lè mú iná lọ lójijì, ẹ fi 40 ṣírò. Èèyàn 1,600 tí ẹ fẹ́ kí wọ́n lè jáde tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ, 200 ló máa jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 40 pín 200, ẹ máa rí i pé ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà márùn-ún lẹ nílò. Ẹ má ṣí i sí ojú kan. Ẹ ṣe ojú mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà méjì àbọ̀, kí méjì tó kù lè gbé gbogbo èrò tí ọ̀kan bá dí. Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì gbọdọ̀ kọjú sí ibì kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa ọ̀nà ọkọ̀ aláìsàn. Kó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin, kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé títí dé ojú títì, kó sì jẹ́ ọ̀nà tí awakọ̀ lè gbà dé ilé ìwòsàn UNIMED láìkọ́kọ́ la ọjà kọjá. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ páàkì síbẹ̀, ì báà jẹ́ mọ́tò kọmíṣọ́nnà.

Ìgbà yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá fa ìlà bárikéèdì. Ẹ fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé: bí èrò bá ti ẹ̀yìn tì mí dé ibí yìí, ibo ni mo máa gbà? Tí ẹ ò bá rí ìdáhùn, ẹ pa ìlà náà rẹ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹrin ọdún 1989, ní pápá ìṣeré Hillsborough ní Sheffield, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgbà irin tí wọ́n fi sé èrò kúrò lórí pápá wà níwájú àwọn èèyàn, àwọn míì sì ń rọ́ wọlé láti ẹ̀yìn. Èèyàn 97 ló kú. Lẹ́yìn ìwádìí ìjọba, wọ́n wó irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kúrò ní àwọn pápá ìṣeré ńlá níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ irú èyí tí ẹ fẹ́

Okùn àti tépù aláwọ̀ pupa òun funfun wúlò níbi tí kò sí ẹni tó máa tì wọ́n: ibi ìforúkọsílẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ̀gbẹ́ tábìlì ẹlẹ́bùn. Ẹ má fa okùn kọjá ojú ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbà, pàápàá lálẹ́, torí ọrùn ọlọ́kadà ló máa bá a pàdé. Nínú gbọ̀ngàn bíi Dome, òpó kékeré tó ní bẹ́líìtì tó ń fà jáde, irú èyí tó wà ní báǹkì, ló dáa jù fún ìlà ìwọlé.

Ọparun àti pákó rọrùn láti rí, owó wọn ò sì pọ̀. Mo gbà kí ẹ lò wọ́n láti pààlà sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí ibi ìdáná. Àmọ́ ẹ má fi wọ́n sí iwájú èrò. Ọparun tó bá fọ́ máa ń mú bí abẹ, ìṣó orí pákó máa ń yọ síta, èyí tó sì burú jù ni pé ẹ ò lè ṣí i kíákíá. Ohun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n so ní okùn, tí wọ́n kàn ní ìṣó, kò ṣeé tú nígbà tí ẹnì kan ń kígbe pé òun ò lè mí.

Bárikéèdì onírin tó ní ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń so kọ́ra wọn, ló máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín. Ó ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1864, ayafọ́tò ará Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Nadar fẹ́ fi bàlúùnù ńlá tó ń gbé èèyàn fò lókè ìlú Brussels, wọ́n sì to ìdènà tó ṣeé gbé yí ibẹ̀ ká kí èrò má baà dé ìdí rẹ̀. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù fi ń pe irú irin bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan máa ń gùn tó mítà méjì sí méjì àbọ̀, ó máa ń ga tó mítà kan ó lé díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò dáadáa. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ló yẹ níbi tí èèyàn ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí kò ní gbé wọn ṣubú. Ẹsẹ̀ tó yọ gbọọrọ síta máa ń dúró dáadáa lórí koríko, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá tó ń wo ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn máa kọ́ ọ lálẹ́. Irú irin yìí mọ bí a ṣe ń júwe ọ̀nà, bí a ṣe ń to ìlà, bí a ṣe ń ya ẹ̀gbẹ́ títì sọ́tọ̀. Kò mọ bí a ṣe ń gba ìtì.

Ẹ má so báńà mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé àwọn tó fowó ṣètìlẹ́yìn máa fẹ́ kí orúkọ wọn wà níbẹ̀, àwọn olóṣèlú náà á fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìjì tó ń ṣáájú òjò ní Àkúrẹ́, láti oṣù Kẹta lọ, lè gbé ìlà irin tó ní aṣọ lára ṣubú lu èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ yẹn tún máa ń bo ojú àwọn ẹ̀ṣọ́, wọn ò ní rí ọmọ kékeré tí wọ́n tì mọ́ irin lódìkejì.

Iwájú ìtàgé

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti náwó tí ẹ bá pe olórin tí ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Irin ojú títì, ìyẹn èyí tó ní ìkọ́ tí mo sọ lókè yẹn, ò yẹ níwájú ìtàgé. Tí èrò bá tì í, ó máa yí dà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dìde, àwọn tó wà níwájú á sì ṣubú lé e lórí.

Èyí tó yẹ ni bárikéèdì iwájú ìtàgé. Ó fẹ̀ tó mítà kan, ó ga tó mítà kan ó lé ogún sẹ̀ǹtímítà, ó sì ní pẹpẹ irin nísàlẹ̀ tó nà sí ọ̀dọ̀ èrò. Orí pẹpẹ yẹn ni àwọn tó wà níwájú máa dúró sí, ìwúwo tiwọn fúnra wọn ló máa dì í mọ́lẹ̀. Ẹ fi àyè tó tó mítà kan àbọ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti ìtàgé, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ àti àwọn Red Cross lè rìn níbẹ̀, kí wọ́n lè fa ẹni tó bá dákú gòkè láti iwájú. Àyè yẹn kì í ṣe ti àwọn ayafọ́tò àti àwọn ọ̀rẹ́ olórin. Kí ìlà náà yọ àárín síta díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ èrò, kí ìtì lè máa yà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ṣí sílẹ̀.

Ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá ọdún 2021, èèyàn 10 ló kú lẹ́yìn tí èrò fún wọn pa níbi àjọ̀dún orin Astroworld. Apá kan tí irin yí ká ní ìhà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Owó pọ̀ níbẹ̀, irin tó dára wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó ló dá wàhálà sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń yá irin ní Àkúrẹ́ ló ní irú èyí. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ má ṣe fi irin ojú títì méjì tí wọ́n so pọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ dín iye èèyàn kù. Ẹ gbé ìtàgé ga sí i kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ríran, torí ẹni tó bá ń ríran láti ibi tó wà kì í fẹ́ rọ́ wá síwájú. Ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún ìdí kan náà. Tó bá sì jẹ́ òde àgbà, ẹ to àga síwájú, ṣùgbọ́n kí ẹ so àga kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì. Àga rọ́bà tó dá dúró máa ń di ohun ìkọsẹ̀ nígbà tí èrò bá sá.

Ẹ tún ronú lórí níná owó. Tí olórin bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki èèyàn, àwọn tó fẹ́ náwó máa dìde láti ibi gbogbo. Ẹ ṣe ọ̀nà kan fún wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n gba ibẹ̀ gòkè, kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ ò bá ṣe é, ojú kan náà ni àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ máa forí gbárí.

Ojú títì, ààfin àti eégún

Ẹ jẹ́ ká ní ọba fẹ́ jáde, tí ìrìn náà máa gba ojú títì Ọba Adéṣidà lọ sí Ọjà Ọba, kí ẹ sì fẹ́ fi irin sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún mítà 200. Mítà 400 irin nìyẹn, ìyẹn 160 ẹyọ tó gùn ní mítà méjì àbọ̀. Ó ṣòro kí ẹ rí iye yẹn lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ẹ bá sì dà á pọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta, ìkọ́ wọn lè má wọnú ara wọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kó irin lọ sí ibi tó gbóná: ìkóríta, ibi tí ìrìn máa yà, iwájú ààfin, àti ibi tí títì ti há. Ibi tó kù, okùn àti àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́yìn ara wọn ti tó. Ní gbogbo mítà 25 sí 30, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ tí èèyàn lè gbà sọdá nígbà tí ìrìn kò tíì dé, kí ẹ̀ṣọ́ kan sì wà níbẹ̀. Tí ẹ ò bá fún wọn ní ibi tí wọ́n máa gbà sọdá, wọ́n á fo irin náà.

Kí ẹ tó gbé irin kankan sí agbègbè ààfin, yálà ti Déjì ní Àkúrẹ́ tàbí ti Ọṣemàwé ní Oǹdó, ẹ lọ rí àwọn ìjòyè tí ọ̀rọ̀ náà wà níkàáwọ́ wọn. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ béèrè. Àwọn ibì kan wà tí wọn kì í dí, ọ̀nà kan wà tí ètùtù máa ń gbà, ojúbọ kan lè wà tí àlejò ò ní dá mọ̀. Àwọn àgbà yẹn tún mọ ibi tí èrò máa ń kún sí lọ́dọọdún, kò sí àwòrán tó máa sọ ìyẹn fún yín.

Tó bá jẹ́ ọdún eégún, ẹ gbọ́dọ̀ ronú lọ́nà mìíràn. Èrò tó ń wo eégún kì í tì síwájú nìkan. Tí eégún bá fa àtòrì yọ, gbogbo wọn á sá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọdé lá sì wà lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi èrò sáàárín irin àti ògiri. Ẹ fi mítà mẹ́ta ó kéré tán sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, kí ẹ kó àga, tábìlì àti ìkòkò àkàrà kúrò níbẹ̀. Ẹ fún eégún ní ọ̀nà tó fẹ̀, kí ẹ bá àwọn atọ́kùn sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa ibi tí wọ́n máa yí padà. Níbi tí títì ti há tó sì ní gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sàn kí irin má sí rárá ju kí ẹ gbé e síbẹ̀ lọ.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ fi dá mọ́tò dúró yàtọ̀. Bárikéèdì ẹlẹ́sẹ̀ ò lè dá ọ̀kadà tó ń sáré dúró, ká má tíì sọ tírélà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021 ní Àkùngbá Àkókó, ọkọ̀ ńlá kan já wọ inú ṣọ́ọ̀bù nítòsí yunifásítì, ó sì gba ẹ̀mí. Tí òde yín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó dagun, ẹ gbé típà tó kún fún iyanrìn dábùú ọ̀nà, jìnnà sí èrò, kí awakọ̀ rẹ̀ jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kó lè sún un fún ọkọ̀ aláìsàn tàbí paná-paná. Rọ́bà ńlá aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń rọ omi sí náà dára, tí ẹ bá rọ omi sí i kún. Èyí tó ṣófo, atẹ́gùn lásán lè gbé e. Kí ẹ tó dí títì, ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ kí Road Safety mọ̀, kí wọ́n lè darí ọkọ̀ gba ibòmíì láti ọ̀nà jíjìn.

Tó bá jẹ́ pé nǹkan lẹ fẹ́ pín

Òde tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì, owó tàbí aṣọ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 ló kú ní Islamic High School, Baṣọ̀run, Ìbàdàn, níbi òde tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èèyàn tún kú níbi pínpín oúnjẹ ní Àbújá àti ní Okija. Ebi ló kó àwọn èèyàn jáde. Ẹni tí ebi ń pa, tó ti dúró láti òru, tó wá rí i pé géètì ti fẹ́ ṣí, á tì. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú, wọ́n kàn rò pé ìlà ń lọ ni.

Ìṣirò lẹ fi máa bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó ronú kan irin. Tí tábìlì kan bá lè dá èèyàn mẹ́rin lóhùn ní ìṣẹ́jú kan, 240 nìyẹn ní wákàtí kan. Èèyàn 2,000 lórí tábìlì kan máa gbà ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Lórí tábìlì márùn-ún, kò ní tó wákàtí méjì. Ẹ pín káàdì ní àdúgbò ṣáájú, kí àkókò wà lórí rẹ̀, aago mẹ́sàn-án fún àwọn kan, aago mẹ́wàá fún àwọn mìíràn. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ pín in ní ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má ní ìdí láti sáré wá sí ojú kan.

Nígbà náà ni kí ẹ wá to irin. Ẹ to ìlà tó ń lọ tó ń bọ̀, kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà kan. Ẹni kọ̀ọ̀kan máa gba ìdajì mítà, nítorí náà èèyàn 200 nílò mítà 100, ìyẹn ọ̀nà márùn-ún tó gùn ní mítà 20. Ọ̀nà márùn-ún nílò ìlà irin mẹ́fà, bíi ẹyọ 48. Ní ibi tí ìlà ti ń yí, ẹ ṣe àlàfo tí ẹni tó bá rẹ̀ lè gbà jáde láìní gba ààrin àwọn yòókù. Ẹ má to irin kó fẹ̀ lẹ́yìn kó wá há níwájú. Ibi tó há yẹn ni èrò ti ń fún ara wọn pa. Ẹni tó bá ti gba tiẹ̀, kó gba ọ̀nà mìíràn jáde pátápátá. Àwọn aboyún, àwọn arúgbó àti àwọn abirùn, ẹ gbé tiwọn lọ bá wọn níbi ìjókòó.

Ohun tó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí géètì má wà ní títì nígbà tí èrò wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí èrò bá ti kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àkókò.

Níbi tí wọ́n ti ń yá a, tàbí lọ́dọ̀ wẹ́dà

Ẹ má fi fóònù yá irin. Ẹ lọ wò ó. Ẹ so ẹyọ mẹ́wàá kọ́ra wọn níbẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ mì wọ́n. Ẹ fi ọwọ́ pa orí irin kọ̀ọ̀kan bóyá nǹkan mú níbẹ̀. Ẹ wo ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀, èyí tí ìpẹtà ti jẹ tàbí tó ti là, ẹ dá a padà. Àlàfo àárín ọ̀pá kan sí èkejì kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 lọ, kí orí ọmọdé má baà wọ̀ ọ́. Ẹ yá ìdá mẹ́wàá lé ohun tí ẹ nílò, torí àwọn kan máa bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Fún ìjọ, ilé ìwé tàbí ẹgbẹ́ tó ń ṣe òde lọ́dọọdún, ó sàn kí ẹ ní tiyín. Ẹ sọ fún wẹ́dà pé páìpù ni kó lò fún férémù, kó má lo rọ́ọ̀dù ìkọ́lé. Kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan, kí ìkọ́ gbogbo wọn bára mu, kí orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ láìní ṣóńṣó. Kó kun ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà kó tó kun àwọ̀, kó sì lẹ tépù tó ń tàn nínú iná mọ́ ìhà méjèèjì. Kí ẹ tó sanwó tán, kó ṣe ẹyọ méjì fún yín kí ẹ fi dánrawò.

Ní ọjọ́ náà

Ẹ tò ó tán kí ẹni àkọ́kọ́ tó dé. Ní gbogbo àlàfo àti ojú àbájáde, ẹ fi ẹnì kan síbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn, kì í ṣe ẹni tó tún ń pín omi. Yálà Àmọ̀tẹ́kùn ni, Sífù Difẹ́ǹsì, baúnsà tàbí ọ̀dọ́ àdúgbò, kó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irin náà kúrò nínú ìkọ́ rẹ̀, kó sì ti ṣe é lójú yín. Láàárín ìlà gígùn, ìkọ́ kì í tú láìjẹ́ pé èèyàn gbé e sókè, ẹni tí kò tíì dán an wò rí á máa fà á lásán. Ẹ dá jàǹdùkú tó ń gbá èrò ní kóbókò dúró. Ó máa ń dá ìsáré sílẹ̀ ju bó ṣe ń dá a dúró lọ.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ fi ẹnì kan sí ibi gíga, kó máa wo èrò, kó má wo olórin. Tó bá rí i pé èrò ń mì lọ mì bọ̀ lápapọ̀, tí àwọn tó wà níwájú ò lè gbé apá wọn sókè mọ́, tí wọ́n ń fa ọmọdé kọjá lórí, kó ní àṣẹ láti dá orin dúró lójú ẹsẹ̀ láìkọ́kọ́ wá alága ìgbìmọ̀. Ẹ bá olórin àti DJ sọ ọ́ kí wọ́n tó gun ìtàgé. Ẹ̀yìn èrò lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún pé kí wọ́n sún sẹ́yìn, torí àwọn tó wà níwájú ò ní ibi tí wọ́n máa lọ àyàfi tí ẹ̀yìn bá ṣí. Kí megafóònù tó ń lo bátìrì wà lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn, kí iná tó lọ má baà gba ohùn yín.

Nígbà tó bá ku bíi ìdajì wákàtí kí òde parí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àbájáde gbogbo, kí ẹ sì gbé irin tó wà lẹ́nu ọ̀nà kúrò. Tí èrò bá ti lọ tán, ẹ kó irin kúrò lójú títì lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, torí ẹni tó bá gun ọ̀kadà bọ̀ láago méjì òru ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ ka ẹyọ irin, ẹ ka ẹsẹ̀, ẹ ya èyí tó tẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ "má lò" sára rẹ̀ kí ẹni tó ń yá a tó kó o lọ síbòmíì.